Ọjọ́ Tí Lọ́yà Gbé Kámẹ́rà Sínú Mọ́tò Ìyàwó Rẹ̀

Àwọn kan wà nílùú yìí tí iṣẹ́ wọn kò ju kí wọ́n fara sọ mọ́tò lọ. Wọn kì í ṣe afọ́jú, wọn kì í ṣe arọ. Wọ́n á jẹun àárọ̀ yó, wọ́n á jáde, wọ́n á wá mọ́tò tó dúró jẹ́ẹ́, wọ́n á gbára lé e lẹ́yìn, wọ́n á sì bú sígbe. Awakọ̀ tó bá ní òun ò mọwọ́ mẹsẹ̀, wọ́n á ní kó mú ẹ̀rí wá. Ẹni tó dùbúlẹ̀ sílẹ̀, ta ló ń bi í léèrè ẹ̀rí? Igbe rẹ̀ ti tó. Ọ̀rọ̀ náà ń bí èèyàn nínú, àfi bí ẹ kò bá ní inú.

Ìdí nìyẹn tí Awakọ̀ fi pe Oníwáyà wá sílé láàárọ̀ ọjọ́ náà, kó wá de kámẹ́rà méjì mọ́ mọ́tò tí ilé-iṣẹ́ gbé fún un, ọ̀kan níwájú, ọ̀kan lẹ́yìn. Ọdún kọkànlá rèé tí obìnrin yìí ti ń fi ọkọ̀ gbé èrò, kò sì họ mọ́tò ẹnikẹ́ni lára rí. Ọkọ rẹ̀ ló ń jà. Gbogbo àdúgbò ń pe ọkọ rẹ̀ ní Lọ́yà. Kò dé ẹnu ọ̀nà ilé-ẹ̀kọ́ òfin rí láyé rẹ̀, kọ́kọ́rọ́ ló ń gé ní ẹ̀bá títì, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó bá a jiyàn tó rọ́nà lọ.

"Ta ló ń fẹ̀yìn wa mọ́tò?" ni Lọ́yà ń bi Oníwáyà. "Iwájú là ń lọ. Iwájú ni kó o dè é mọ́, kó o máa lọ sílé ẹ."

Awakọ̀ dá a lóhùn látinú yàrá, níbi tó ti ń ti bọ́tìnnì aṣọ iṣẹ́ rẹ̀. "Bàbá wọn, ẹ̀yìn làwọn èèyàn yẹn ń gbà yọ sí wa. Èmi ni mo ra kámẹ́rà, ẹ jẹ́ kó de méjèèjì."

"Mò ń sọ̀rọ̀ òfin, o ń sọ̀rọ̀ ta ló rà á!"

Ìyá Àgbà, ìyá tó bí Lọ́yà, jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó ń ṣa ẹ̀wà. Ó kàn ń ju òkúta inú ẹ̀wà nù sí àgbàlá, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì.

Oníwáyà kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó lẹ kámẹ́rà iwájú mọ́ gíláàsì lẹ́yìn dígí tí awakọ̀ fi ń wo ẹ̀yìn, ó mú ike pẹlẹbẹ kan, ó fi ń ti wáyà bọ àárín òrùlé mọ́tò àti etí rẹ̀ títí wáyà náà fi sọnù pátápátá. Nígbà tó dé ẹ̀gbẹ́ ìlẹ̀kùn, ó gbà á lẹ́yìn àpò afẹ́fẹ́ tó máa ń tú jáde nígbà tí mọ́tò bá forí sọ nǹkan, kó má baà dí i lọ́nà. Ó fa ti ẹ̀yìn gba òrùlé kọjá, ó yọ ọ́ gba inú rọ́bà tó so ìdérí búùtù mọ́ ara mọ́tò, kí ìdérí má baà gé e. Iṣẹ́ náà mọ́ débi pé tẹ́ ẹ bá wọ mọ́tò, ẹ ò ní í mọ ibi tí wáyà gbà. Lọ́yà dúró tì í láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ó ń tọ́ka.

"Bátìrì ńlá wà nísàlẹ̀ mọ́tò yìí, tó fẹ̀ tó ẹní," ni Lọ́yà wí. "Mọ́tò oníná ni, kì í mu epo, iná kún inú ẹ̀ fọ́fọ́. Kí ló dé tó jẹ́ bátìrì kékeré abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì lò ń so ó mọ́? Ahun ni ẹ́ ni?"

"Bàbá, ẹ rí wáyà aláwọ̀ ọsàn yẹn? Òun ló ń bọ̀ láti inú bátìrì ńlá. Bí mo bá gé e, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í kí àwọn ará ilé mi kú ará fẹ́ra kù. Bátìrì kékeré ló ń gbé iná iwájú, wáípà àti rédíò. Òun náà ló máa gbé kámẹ́rà."

Aránṣọ, obìnrin tó ń gbé yàrá kejì, ti yọ orí lójú fèrèsé, okùn ìwọnṣọ wà lọ́rùn rẹ̀. "Lọ́yà, ẹ rọra o. Iná ò mọ lọ́yà!"

Ó ku káàdì tí kámẹ́rà á máa gba àwòrán sí. Lánàá, Lọ́yà ni wọ́n rán lọ rà á. Oníwáyà gbé e síwájú ojú, ó yí i pa dà.

"Bàbá, ńlá ni mo ní kí ẹ rà."

"Kékeré náà, ṣebí káàdì ni."

"Ó dáa. Ẹ gbọ́ o, nítorí èyí ló ṣe pàtàkì jù. Káàdì yìí ò lè gbà ju wákàtí méjì lọ. Tó bá ti kún, kámẹ́rà á padà sí ìbẹ̀rẹ̀, á máa gba tuntun lé àtijọ́ lórí, àtijọ́ á parẹ́. Bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀, ẹ tètè tẹ bọ́tìnnì tí wọ́n ya àgádágodo sí yìí, ibi tẹ́ ẹ bá tẹ̀ ẹ́ sí ò ní í parẹ́ mọ́. Tàbí kẹ́ ẹ pa mọ́tò, kẹ́ ẹ yọ káàdì. Níwọ̀n ìgbà tí mọ́tò bá wà lórí iná, kámẹ́rà ń gba àwòrán ni."

"Mo ti mọ̀," ni Lọ́yà wí, ó sì ti kọjú sí Aránṣọ, ó ń ṣàlàyé bí òun ṣe ní kí Oníwáyà má fọwọ́ kan wáyà aláwọ̀ ọsàn.

Nígbà tí Awakọ̀ jáde, Oníwáyà ti lọ. Ó bi ọkọ rẹ̀ pé kí ni ọkùnrin náà sọ. Lọ́yà ní, "Kò sọ nǹkan kan tí mi ò mọ̀ tẹ́lẹ̀." Awakọ̀ wò ó, ó wọ mọ́tò, ó lọ síbi iṣẹ́.

Aago mẹ́wàá kò tíì lù nígbà tó sọ aláìsàn kan kalẹ̀ níwájú ilé ìwòsàn, tó sì dúró ní oríta de iná tó ń darí ọkọ̀. Mọ́tò kò mira. Ọkùnrin kan tó gun kẹ̀kẹ́ bọ̀ wá láti ẹ̀yìn, ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí kẹ̀kẹ́, ó fọwọ́ gbá búùtù, gbàà! Ó sì na ara rẹ̀ sílẹ̀ lọ́nà bí ẹni tó ń tẹ́ ẹní. "Ó ti pa mí o! Ẹ gbà mí o!"

Kí Awakọ̀ tó sọ̀ kalẹ̀, èrò ti pé. Ọkùnrin kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde látinú ilé ìtajà, tí búrẹ́dì tó rà ṣì ń gbóná lábíyá rẹ̀, ló kọ́kọ́ la ẹnu: "Mo rí i! Eré burúkú ló ń sá bọ̀!" Ẹ jọ̀ọ́, níbo ló ti rí i? Ṣé inú búrẹ́dì ni? Ẹnìkan ń lu òrùlé mọ́tò, ẹnìkan ń ya fọ́tò, ẹnìkan ti pe nọ́ńbà ilé-iṣẹ́ tí wọ́n kọ sára ìlẹ̀kùn. Ìṣẹ́jú márùn-ún lẹ́yìn náà, Ọ̀gá ilé-iṣẹ́ pe Awakọ̀.

"Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́," ni Ọ̀gá wí. Obìnrin ni, ohùn rẹ̀ kì í ga. "Mú ohun tó o bá ní wá. Bí o ò bá ní nǹkan kan, mú kọ́kọ́rọ́ wá. O mọ òfin wa."

Awakọ̀ mọ òfin wọn. Awakọ̀ tí wọ́n bá dá lẹ́bi, ọjọ́ náà ni wọ́n ń gba mọ́tò lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n á pa orúkọ rẹ̀ rẹ́, kò sì ní í wa mọ́tò wọn mọ́ títí ayé. Ó rí iná pupa kékeré lára kámẹ́rà, ó mọ̀ pé ó ti rí gbogbo rẹ̀, ṣùgbọ́n kò mọ bí wọ́n ṣe ń ṣí i. Ó wa mọ́tò padà sílé, sọ́dọ̀ ẹni tó ti mọ̀.

Ká má purọ́, Lọ́yà mọ ọ̀nà tí wọ́n fi ń ṣí i. Ó tẹ ibí, ó tẹ ọ̀hún, àwòrán yọ lójú kámẹ́rà: oríta, kẹ̀kẹ́, ọkùnrin náà tó ń wo ọ̀tún tó ń wo òsì, gbàà. Gbangba dẹkùn, kedere bẹ̀ ẹ́ wò. Omi bọ́ lójú Awakọ̀.

"Ọlọ́run ṣeun," ni obìnrin náà wí. "Bàbá wọn, ẹ yọ ọ́ fún mi, kí n tètè gbé e lọ."

"Aago mẹ́rin ni wọ́n pè ọ́, aago mọ́kànlá ò tíì lù. Kí lo ń sáré ṣe? Wọlé, lọ jẹun, lọ kọ àlàyé ẹ sínú ìwé. Ẹ̀rí kì í dá rìn láìsí lọ́yà. Èmi ni mo máa gbé e síwájú wọn."

"Ṣé kò ní í nù báyìí?"

"Ohun tó bá ti wọ káàdì, ó ti wọ̀ ọ́ nìyẹn. Ìwé tí wọ́n ti kọ, ṣé ó ń pa ara ẹ̀ rẹ́ ni?"

"Ẹ pa mọ́tò nígbà náà."

"Ṣé o gbọ́ tó ń dún ni?"

Lóòótọ́, kò dún. Mọ́tò oníná kì í kùn, kì í gbọ̀n, kì í rú èéfín. Bó wà lórí iná, bó kú, ìkan náà ni létí ẹni tí kò wo ojú rẹ̀. Iná aláwọ̀ ewé kékeré kan ń tàn lẹ́yìn ìdarí ọkọ̀, kò sì sẹ́ni tó wò ó. Awakọ̀ ti rẹ̀, ó gba ọkọ rẹ̀ gbọ́, ó wọlé. Lọ́yà gbé ohùn sókè: "Ẹ̀yin ará ilé, ẹ wá wo nǹkan!"

Wọ́n wá. Aránṣọ fi ẹ̀rọ sílẹ̀. Alágbàfọ̀ tó wà ní òdìkejì títì gbé ayọ́ọ̀nù kúrò lórí ṣẹ́ẹ̀tì oníṣẹ́ẹ̀tì. Wọ́n ń ti orí bọ inú mọ́tò lẹ́nì kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń wò, wọ́n ń pariwo. Bí Lọ́yà bá ti fi han ẹnìkan tán, kámẹ́rà á padà sẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀, á máa gba àwòrán lọ, ojú àwọn ará àdúgbò, ẹ̀yìn orí Alágbàfọ̀.

"Àmọ́ ọkùnrin yẹn mọṣẹ́ o," ni Alágbàfọ̀ wí.

"Òun náà ń wá oúnjẹ ọmọ ẹ̀ ni," ni Aránṣọ wí.

"Ṣé abẹ́ mọ́tò obìnrin olóbìnrin ni oúnjẹ ọmọ ẹ̀ wà?"

"Ẹ máa wí. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ jó kọ́là ṣẹ́ẹ̀tì mi lọ́sẹ̀ tó kọjá, ṣebí ẹ ní aṣọ náà ló kọ́kọ́ fa wàhálà."

Nínú ilé, Ìyá Àgbà gbé àwo ẹ̀wà àti búrẹ́dì síwájú ìyàwó ọmọ rẹ̀. "Ìyàwó mi, jẹun."

"Màmá, kò gba ọ̀nà ọ̀fun mi lọ."

"Jẹ ẹ́ bẹ́ẹ̀. Ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́." Ìyá náà jókòó tì í, ó tẹ́tí sí ariwo ìta, ó mi orí. "Ọmọ tí mo bí ni. Ìgbà tó wà ní kékeré, mo rò pé á fi sílẹ̀ tó bá dàgbà." Awakọ̀ fẹ́ rẹ́rìn-ín, kò rí i rín.

Nígbà tó fi máa di ọ̀sán, kò sẹ́ni tó ń wo kámẹ́rà mọ́. Lọ́yà fúnra rẹ̀ ti di sinimá. Ó ti gba ìgbálẹ̀ onígi gígùn lọ́wọ́ Aránṣọ, ó fi í sáàárín itan méjèèjì, ó ní kẹ̀kẹ́ nìyẹn. Á lọ sídìí ògiri, á sáré bọ̀ títí dé ẹ̀yìn mọ́tò, á wo ọ̀tún, á wo òsì, á gbá búùtù, á ṣubú. "Ó ti pa mí o! Ẹ gbà mí o!" Àwọn èèyàn á pàtẹ́wọ́. Ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, wọ́n á ní kí Lọ́yà tún un ṣe. Ó ń tún un ṣe. Ó sì ń dára sí i, torí ẹ̀bùn wà lára ọkùnrin yẹn, ibi tó ń lò ó sí ni kò dáa.

"Ẹ wò ó, ẹsẹ̀ ọ̀tún ló kọ́kọ́ gbé," ni ó ń kọ́ wọn. "Lẹ́yìn náà ló wá gbára lé mọ́tò. Ọwọ́ lẹ máa fi gbá a, kó lè dún. Ariwo yẹn gan-an ni iṣẹ́!"

Ìyá Àgbà jáde wá da omi ẹ̀wà nù. Ó dúró, ó wo ọmọ rẹ̀ nílẹ̀. "Àṣejù ni baba àṣetẹ́," ló wí.

"Màmá, ẹ̀rí la ń gbé kalẹ̀ níbí."

Ìyá náà wọlé. Ẹ̀ẹ̀mejì ni Awakọ̀ yọjú láti sọ pé kí wọ́n jẹ́ kí àwọn máa lọ. Ẹ̀ẹ̀mejì ni ọkọ rẹ̀ sọ fún un pé kò mọ òfin. Aago mẹ́ta kọjá kí wọ́n tó kúrò nílé, àwọn ará àdúgbò sì ń juwọ́ sí wọn bí ẹni tó ń lọ gba oyè.

Ọ́fíìsì Ọ̀gá ní tábìlì kan, àga mẹ́rin, ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà kan, àti fèrèsé tó kọjú sí àgbàlá tí àwọn mọ́tò oníná tò sí, wáyà lẹ́nu. Ọkùnrin oníkẹ̀kẹ́ ti jókòó. Wọ́n ti fi báńdéèjì wé orí rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ìdí ló fi balẹ̀ láàárọ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kan tó sanra wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, òun ló ń gbẹnu sọ fún un, ó ní àbúrò òun ò lè la ẹnu.

Lọ́yà dìde dúró láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni pè é. "Ọ̀gá, àwọn àgbà ní agbọ́ ẹjọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Ọ̀rọ̀ wa ò gùn. Ẹ̀rí wa rèé. Kámẹ́rà méjì, iwájú àti ẹ̀yìn! Èmi tiẹ̀ ni mo tẹnu mọ́ ti ẹ̀yìn."

Awakọ̀ wolẹ̀. Ọ̀gá gba káàdì, ó kì í bọ ẹ̀rọ, ó yí ojú kọ̀ǹpútà sí wọn kí gbogbo wọn lè rí i. Ọkùnrin oníkẹ̀kẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í làágùn lábẹ́ báńdéèjì. Awakọ̀ rí òógùn náà, àyà rẹ̀ sì balẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́ lọ́jọ́ náà.

Ògiri ilé wọn ló kọ́kọ́ yọ. Lẹ́yìn náà, Aránṣọ tó ń jẹ ẹ̀pà. Lẹ́yìn náà, ọkùnrin kan tó fi ìgbálẹ̀ sáàárín itan sáré bọ̀ láti ìdí ògiri, ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó gbá ẹ̀yìn mọ́tò, ó ṣubú. "Ó ti pa mí o! Ẹ gbà mí o!" Ó dìde, ó ń rẹ́rìn-ín, ó gbọn ṣòkòtò. Ohùn rẹ̀ jáde ketekete látinú ẹ̀rọ: "Ọwọ́ lẹ máa fi gbá a, kó lè dún. Ariwo yẹn gan-an ni iṣẹ́!"

Ọkùnrin inú ẹ̀rọ tún lọ sídìí ògiri, ó tún sáré bọ̀.

"Ta nìyí?" ni Ọ̀gá bi Awakọ̀.

"Ọkọ mi ni, mà."

"Ẹ ò rí nǹkan!" Ẹ̀gbọ́n tó sanra ti fò dìde. "Ilé-ẹ̀kọ́ ni wọ́n dá sílẹ̀! Àwọn ni wọ́n ń fi iṣẹ́ yẹn kọ́ èèyàn, wọ́n wá ń parọ́ ẹ̀ mọ́ àbúrò mi tó fara pa!"

"Ẹ lọ sẹ́yìn, Ọ̀gá, ẹ lọ sẹ́yìn sí i," ni Lọ́yà ń wí, òógùn ti bo òun náà. "Ti aago mẹ́wàá wà níbẹ̀. Èmi fúnra mi rí i, gbogbo àdúgbò ló rí i!"

Ọ̀gá lọ sẹ́yìn títí dé ìbẹ̀rẹ̀ káàdì. Aago méjì ku ìṣẹ́jú méjì ló bẹ̀rẹ̀, àwòrán Alágbàfọ̀ tó ń fi èékánná yọ ẹran láàárín eyín ni. Kò sí nǹkan mìíràn ṣáájú rẹ̀. Ìgbà náà ni Lọ́yà rántí ọ̀rọ̀ Oníwáyà, gbogbo rẹ̀ pátá, bó ṣe sọ ọ́ gan-an. Wọ́n rí i lójú rẹ̀ pé ó rántí.

"Àgádágodo," ni ó wí.

"Kí ni àgádágodo?" ni Awakọ̀ bi í.

Ọ̀gá na ọwọ́ kọjá tábìlì. Awakọ̀ yọ kọ́kọ́rọ́ nínú àpò aṣọ iṣẹ́ rẹ̀, ó gbé e lé ọwọ́ náà, ó kí Ọ̀gá, ó sì jáde. Wọn ò tiẹ̀ gbọ́ kó sunkún.

Ní ìta, lẹ́yìn géètì, tọkọtaya náà dúró sójú títì bí ẹni tó gbàgbé ọ̀nà ilé. Ọkùnrin oníkẹ̀kẹ́ jáde lẹ́yìn wọn. Ó tú báńdéèjì orí rẹ̀, ó ká a dáadáa, ó tì í bọ àpò, nítorí ọ̀la. Ó gbé kẹ̀kẹ́ rẹ̀ kúrò lára ògiri, ó tì í wá síwájú Lọ́yà, ó sì tẹrí ba fún un bí ẹni tó ń kí ọ̀gá iṣẹ́.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, bàbá. Ẹ gbìyànjú púpọ̀. Àmọ́ ẹsẹ̀ òsì lẹ máa kọ́kọ́ gbé. Ẹsẹ̀ ọ̀tún tẹ́ ẹ̀ ń gbé yẹn, á ba orúnkún yín jẹ́ lọ́jọ́ kan."

Ó gun kẹ̀kẹ́, ó lọ.

"O gbọ́ ọ!" Lọ́yà di ìyàwó rẹ̀ lápá mú. "Ó jẹ́wọ́! Ó fẹnu ara rẹ̀ jẹ́wọ́! Yáa, jẹ́ ká padà wọlé lọ sọ fún wọn!"

"Kí la máa fi sọ ọ́?"

"Ẹnu wa ńkọ́!"

Awakọ̀ wo ẹnu náà, ó wò ó títí. Lẹ́yìn náà ó gba apá rẹ̀ lọ́wọ́ ọkọ rẹ̀, ó kọjú sọ́nà ilé, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fẹsẹ̀ rìn.